Gígúnlẹ̀ ní Hanavave, erékùṣù Fatu Hiva: kí ni ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó gba inú igbó lọ síbi omi àpáta?

ÌgbòkunFunfun

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi ìgbòkun rìn lórí òkun. Èmi, ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni a jọ wà nínú ọkọ̀ kan tí ó gùn ní mítà 11. Galápagos ni a wà báyìí, a ń dúró de afẹ́fẹ́ tí yóò gbé wa lọ sí àwọn erékùṣù Marquesas ní Polinẹ́síà ti Faransé. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí máìlì òkun 3,000, a sì ṣírò rẹ̀ pé yóò gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni kí a kọ́kọ́ yà sí Fatu Hiva, kí a ju ìdákọ̀ró sí èbúté Hanavave, kí a sì fi ẹsẹ̀ rìn gba inú àfonífojì lọ síbi tí omi ti ń já láti orí àpáta.

Mo ti ka ohun púpọ̀ nípa bí a ṣe ń tu ọkọ̀ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kà nípa ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ kò tó nǹkan. Báwo ni a ṣe ń fi ọkọ̀ rọ́bà gúnlẹ̀ níbẹ̀ tí ìgbì kò fi ní dojú rẹ̀ dé? Ǹjẹ́ ó dára kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde kúrò nínú ọkọ̀ ńlá lẹ́ẹ̀kan náà? Irú ọ̀nà wo ni ó wà nínú igbó náà? Ẹni tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó jọ̀wọ́ dá mi lóhùn.

Àgbà_Atukọ̀

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó gúnlẹ̀ ire. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ orí ilẹ̀ ni ẹ béèrè, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí àwọn atukọ̀ tí ó mọṣẹ́ dunjú tí wọ́n ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣáájú omi àpáta. Àjèjì kì í ti Fatu Hiva wọ ilẹ̀ náà. Nínú àwọn erékùṣù Marquesas, Atuona ní Hiva Oa àti Taiohae ní Nuku Hiva ni ọkọ̀ tí ó ti òkè òkun dé ti ń lọ fi ara hàn fún àwọn jẹ́ńdáàmù, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé. Títí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, àsíá aláwọ̀ ìyeyè ni ó yẹ kí ó máa fẹ́ lórí ọkọ̀ yín, ẹsẹ̀ yín kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀ níbòmíràn.

Mo mọ ohun tí ó ń fa àwọn ènìyàn. Fatu Hiva ni ó wà ní gúúsù jù lọ, afẹ́fẹ́ àgbègbè náà sì máa ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn tàbí láti gúúsù ìlà-oòrùn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú ọdún. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dúró ní Fatu Hiva, afẹ́fẹ́ ni yóò máa tì í lẹ́yìn dé Hiva Oa. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lọ sí Hiva Oa yóò dojú kọ afẹ́fẹ́ náà fún nǹkan bí máìlì òkun 45 kí ó tó padà dé Fatu Hiva. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yà síbẹ̀ láìgba àṣẹ. Èmi kò ní gbà yín ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí Atuona, ẹ fi ara hàn, kí ẹ wá dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀.

Ẹ tún yẹ ìwé ìrìnnà yín wò kí ẹ tó gbéra. Físà Schengen tí a fi ń wọ ilẹ̀ Faransé ní Yúróòpù kò ṣiṣẹ́ ní Polinẹ́síà ti Faransé. Ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ń béèrè físà gbọ́dọ̀ gba èyí tí wọ́n kọ orúkọ agbègbè náà sí lára.

Adéọlá_Lókun

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi apá kejì rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn ọjọ́ 26 lórí òkun, okùn irin tí ó di òpó ìgbòkun wa mú ní apá ọ̀tún ti ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán, ẹnì kan nínú wa kò sì tíì fi ojú ba oorun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin. Ilẹ̀ ń ṣú, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, Hanavave sì wà níwájú wa. A wọ ibẹ̀, a gbé àsíá ìyeyè sókè, a fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ sí aṣojú wa kí ó sọ fún àwọn jẹ́ńdáàmù ní Atuona. A tún okùn náà ṣe, a sùn, a kò sọ̀kalẹ̀, a sì tẹ̀síwájú ní ọjọ́ kejì. Ó yẹ kí a ya ẹni tí ewu lé wọ èbúté sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn fẹ́ lọ wo omi àpáta.

Ohun tí ó dùn mí ni pé mo jókòó sínú ọkọ̀, mò ń wo àwọn àpáta gíga tí ó dúró bí òpó ní ẹnu àfonífojì náà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń sọ wọ́n di pupa, òórùn ilẹ̀ tútù àti ti òdòdó ń wá láti etíkun, n kò sì lè tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì lo nǹkan bí oṣù kan láìgbọ́ òórùn ilẹ̀ kò lè mọ bí ó ti ń ṣe ènìyàn.

Àgbà_Atukọ̀

Adéọlá, ohun tí ẹ ṣe dára, kò sì sí atukọ̀ tí yóò dá yín lẹ́bi fún un. Ẹ wọlé nítorí ewu, ẹ ránṣẹ́, ẹ kò sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó bá pèsè irọ́ okùn jíjá sílẹ̀ láti Galápagos ni mò ń bá wí.

Ọmọ_Ìdákọ̀ró

Ìbéèrè lórí jíjáde lẹ́ẹ̀kan náà ni n óò dáhùn, nítorí pé ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà gba ọkọ̀ mi lọ́wọ́ mi. Ẹ má ṣe jáde tán ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Èbúté Hanavave jìn. Àyè tí ó máa ń ṣẹ́kù fún ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn máa ń jìn tó mítà 15 sí 20, iyanrìn tí ó dà pọ̀ mọ́ òkúta ni ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ìdákọ̀ró kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun gidi dì mú. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn díẹ̀ kúrò ní etíkun, ìsàlẹ̀ náà yóò dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sínú ọ̀gbun. Afẹ́fẹ́ tí ó ti ìlà-oòrùn wá máa ń kọlu òkè, yóò gùn ún dé orí, yóò sì rọ́ wálẹ̀ gba inú àfonífojì tí ó há, tí yóò fi bọ́ sí èbúté pẹ̀lú agbára tí ó ju ti ojú òkun gbangba lọ. Yóò fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò dákẹ́ rọ́rọ́ títí ẹ ó fi rò pé ó ti tán, yóò sì tún dé.

Èmi àti ìyàwó mi ju ìdákọ̀ró sí ibi tí ó jìn ní mítà 18, a tú ẹ̀wọ̀n mítà 45 lé e, a wò ó fún wákàtí kan, kò mì. A lọ síbi omi àpáta. Nígbà tí a padà dé etíkun ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ wa kò sí níbi tí a fi í sí. Ìdákọ̀ró ti wọ́ dé ibi tí ilẹ̀ ti dà sínú ọ̀gbun, ó wá rọ̀ dirodiro nínú omi láìkan ohunkóhun. Nítorí pé láti orí ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ti ń fẹ́ lọ sórí òkun, ọkọ̀ kò lè forí sọ àpáta. Ìwọ̀-oòrùn ni ó kọjú sí, níbi tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe omi. Tọkọtaya kan tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n lé e bá, tí wọ́n gun orí rẹ̀, tí wọ́n sì rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tàn nítorí pé a gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ síbi tí aládùúgbò lè rí i, mo sì máa ń lọ sọ fún un kí n tó gun orí ilẹ̀.

Bí mo bá tún padà síbẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí n óò tú yóò tó ìlọ́po márùn-ún ìjìn omi náà, bí àyè bá wà. N óò fi ẹ́ńjìnnì fa ọkọ̀ sẹ́yìn láti dán ìdákọ̀ró wò, n óò wọmi lọ fi ojú ara mi rí bí ó ṣe dì mọ́ ilẹ̀, n óò sì fi ẹnì kan sílẹ̀ nínú ọkọ̀ títí atẹ́gùn àfonífojì yóò fi fẹ́ lù ú ní ọ̀sán kan àti òru kan.

Ní ti ọkọ̀ rọ́bà, èbúté kékeré kan tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ wà níbẹ̀, òkúta tí wọ́n kó jọ sì ń dá díẹ̀ dúró nínú ìgbì. Ìgbì náà kì í ga lójú, ṣùgbọ́n ó ń gbé omi sókè, ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri láìsinmi. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ gun òkè gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí omi bá gbé ọkọ̀ dé òkè pátápátá, kí ó gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan sí orí kọnkéré. Okùn iwájú ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gùn, kí ẹ sì ju ìdákọ̀ró kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má baà wọ abẹ́ ògiri lọ, nítorí pé bí omi bá gbé e sókè lábẹ́ etí kọnkéré, yóò ya.

Nọ́ọ̀sì_Orí_Omi

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì ti rin ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè má dùn létí ẹni tí ó ti ń fi ojú sọ́nà fún ilẹ̀: ẹsẹ̀ tí ẹ ó gbé kúrò ní Galápagos kọ́ ni ẹ ó gbé dé Fatu Hiva. Nínú ọkọ̀ mítà 11, ìgbésẹ̀ tí ènìyàn ń gbé lójúmọ́ kò tó nǹkan, iṣan itan àti ti ojúgun a sì máa dẹ̀. Ọpọlọ pẹ̀lú ti mọ mímì ọkọ̀ lára débi pé ilẹ̀ tí kò mì yóò máa mì lójú yín, pàápàá bí ẹ bá di ojú tàbí tí ẹ bá wọ inú ilé tí kò ní fèrèsé. Èyí máa ń lọ láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kan sí méjì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá gba ojú òkúta odò tí ó ń yọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an ni ó ń yí ọrùn ẹsẹ̀. Inú abúlé ni kí ẹ rìn ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ fi omi àpáta sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.

Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo egbò. Thor Heyerdahl, ọmọ ilẹ̀ Norway, àti Liv ìyàwó rẹ̀ wá gbé ní Fatu Hiva ní ọdún 1937 láti máa jẹ ohun tí igbó bá fún wọn. Ohun tí ó kọ́kọ́ lé wọn kúrò níbẹ̀ kì í ṣe ebi. Kòkòrò jẹ ẹsẹ̀ wọn, ojú ibẹ̀ di egbò, egbò náà sì ń tóbi sí i nínú ọ̀rinrin, títí wọ́n fi ní láti gba orí òkun nínú ọkọ̀ tí kò ní ìbòrí lọ gba ìtọ́jú ní Hiva Oa. Kòkòrò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní nónó wà ní àwọn erékùṣù Marquesas títí di òní. Yíyún ara ni ó ń sọ ojú ibi tí ó bá jẹ di egbò, nítorí náà ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, ẹ gé èékánná, ẹ sì fi ọṣẹ fọ gbogbo ibi tí awọ bá ti bó ní kété tí ẹ bá padà dé inú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí adágún tí ó wà lẹ́sẹ̀ àpáta náà, tí gbogbo ènìyàn máa ń fẹ́ bẹ́ sí. Àrùn leptospirosis wà ní Polinẹ́síà ti Faransé. Ìtọ̀ eku àti ti àwọn ẹranko mìíràn ni ó ń gbé e wọ inú odò, ojú egbò àti ojú tí a fi ń ríran ni ó sì ń gbà wọ ara ènìyàn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ní ojú egbò, kí ó jókòó sí etí omi. Bí ibà, ẹ̀fọ́rí àti ìrora iṣan ẹsẹ̀ bá mú ẹnikẹ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, kí ó sọ fún dókítà pé òun wọ inú odò níbẹ̀, nítorí pé ó rọrùn láti pe àrùn náà ní ibà lásán. Omi odò náà kì í ṣe mímu bí ó ti wù kí ó mọ́ tó.

Arìn_Gba_Igbó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà náà kò le fún ẹni tí ó bá lè rin ìrìn wákàtí mẹ́ta. Ẹ ó gba ojú ọ̀nà abúlé lọ sókè, odò yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, lẹ́yìn náà ẹ ó yà wọ inú igbó, níbi tí àwọn tí ó ti kọjá ti to òkúta jọ ní òkìtì-òkìtì láti fi tọ́ ọ̀nà. Wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ni àlọ. Ẹrẹ̀ pọ̀, gbòǹgbò pọ̀, apá ìparí ga. Àpáta náà yóò wá là sílẹ̀ níwájú yín, omi yóò sì máa já láti nǹkan bí mítà 60 sínú adágún. Ejò kò sí ní erékùṣù náà, ṣùgbọ́n àgbọn ń já, òkúta sì ń já láti orí àpáta, pàápàá lẹ́yìn òjò. Nítorí náà ẹ má ṣe jẹun lábẹ́ rẹ̀.

Bí omi odò bá yí àwọ̀ padà di ẹrẹ̀ lójijì, ẹ padà, kódà bí oòrùn bá ń ràn lórí yín. Òjò lè máa rọ̀ lókè tí ẹ kò ní mọ̀, àfonífojì tí ó há yóò sì kó gbogbo rẹ̀ wá sójú kan. Ibi tí ẹ fi òkúta mẹ́ta sọdá nígbà tí ẹ ń lọ lè gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ tún rántí pé ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú níbẹ̀: ní nǹkan bí agogo mẹ́fà, oòrùn yóò wọ̀, kò sì ní pẹ́ kí ẹ má rí ọwọ́ yín mọ́ lábẹ́ igi. Bí ó bá di agogo méjì ọ̀sán, ẹ kọjú sí etíkun, níbikíbi tí ẹ bá dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ó wà. Ẹ ó rí pèpéle òkúta ńláńlá tí igbó ti bò, tí gbòǹgbò ti wọ inú wọn. Paepae ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n jẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn, mo rò pé ìlú àtijọ́ kan ni ó kàn gbó tí ó sì wó, títí arákùnrin kan tí ó ń rí sí àgbọn gbígbẹ ní abúlé fi ṣàlàyé fún mi pé àwọn tí ó ni wọ́n kú ni.

Mendaña, atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, dé ojú òkun Fatu Hiva ní oṣù keje ọdún 1595. Kí ó tó kúrò ní àwọn erékùṣù náà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti fi ìbọn pa nǹkan bí ènìyàn 200, gẹ́gẹ́ bí Quirós tí ó ń tọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sọ́nà ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Cook, atukọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ní 1774, ilẹ̀ Faransé sì gba àwọn erékùṣù náà ní 1842. Ṣùgbọ́n àìsàn tí àwọn ọkọ̀ ń gbé wá ni ó pa ènìyàn ju ìbọn lọ: ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìgbóná tí ọkọ̀ kan gbé láti Peru wá sí Nuku Hiva ní 1863. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá kù sí nǹkan bí 2,000 ní gbogbo erékùṣù Marquesas ní àárín ọdún 1920 sí 1930.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ lọ pé, bí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, kí ó dúró sínú ọkọ̀. Òfin kan kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ má ṣe gun orí paepae láti ya àwòrán, ẹ má ṣe mú òkúta kan kúrò lára rẹ̀, ẹ má sì ṣe wọ me'ae, ìyẹn ojúbọ àtijọ́, láìjẹ́ pé ẹnì kan tí ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ bá yín lọ. Tapu ni wọ́n ń pe ohun tí àwa ń pè ní èèwọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kú lẹ́nu wọn. UNESCO fi àwọn erékùṣù Marquesas kún ogún àgbáyé ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ ti ń tọ́jú ibojì àwọn bàbá wọn kí UNESCO tó dé.

Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta

Ẹ ṣeun fún àlàyé yìí. Ọmọ wa tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ṣé ó lè rìn ín?

Arìn_Gba_Igbó

Mo rí ọmọ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó rìn ín, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ gbé e kọjá odò, ó sì pọ̀n ọ́n ní apá ìparí. Bí bàbá náà kò bá tíì gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ẹ dúró de ọjọ́ mìíràn.

ÌgbòkunFunfun

Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. A ti jókòó, a ti gbà láàárín ara wa pé Atuona ni a ó kọ́kọ́ lọ. Ohun tí ó kù tí ó ń jẹ wá lọ́kàn ni ẹ̀bùn. A ti gbọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń fi èso ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn kan ní kí a ra ọtí, àwọn kan ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀.

Arìn_Gba_Igbó

Ẹ má ṣe mú ọtí fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ṣe fi ọta ìbọn ṣe pàṣípààrọ̀ bí wọ́n bá tilẹ̀ béèrè, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́kọ̀ kan ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Okùn ọkọ̀ tí ó ṣì lágbára, ìwọ̀ ìpẹja tí ó dára àti ìwé ìkọ̀wé fún àwọn ọmọ ni ó wúlò. Owó pàápàá kì í ṣe àbùkù. Ẹni tí ó ń gbẹ́ igi tàbí tí ó ń ṣe aṣọ èèpo igi, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni, ẹ san iye tí ó bá pè. Báńkì kò sí ní Fatu Hiva, nítorí náà ẹ gba owó ní Atuona. 1,000 fránkì Pàsífíìkì jẹ́ Yúrò 8.38, kò sì yí padà nítorí pé wọ́n so ó mọ́ Yúrò ni.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé igi eléso kankan kò wà láìní olóko níbẹ̀. Ọsàn ńlá tí wọ́n ń pè ní pamplemousse, ọ̀gẹ̀dẹ̀, bẹrẹfúùtù, gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan ní, kódà bí ó bá wà láàárín igbó tí ẹ kò rí ilé kan nítòsí. Èyí tí ó bá já sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹ béèrè. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn pé "Kaoha". Wọ́n yóò sì fún yín ju èyí tí ẹ lè gbé lọ.

ÌgbòkunFunfun

Mo padà wá jẹ́ iṣẹ́ fún yín, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ẹni tí ó gba ìmọ̀ràn ṣe.

Ọjọ́ 25 ni a lò lórí òkun. A gba iwájú Fatu Hiva kọjá ní òwúrọ̀ kùtù, ojú sì ń ro wá nígbà tí a rí àwọn òkè rẹ̀ nínú ìkùukùu, ṣùgbọ́n a tẹ̀síwájú lọ sí Atuona, a sì fi ara hàn. Ní ọjọ́ kejì, a gun òkè lọ sí itẹ́ òkú Calvaire, níbi tí wọ́n sin Gauguin ayàwòrán sí ní 1903 àti Jacques Brel akọrin sí ní 1978. Òkè náà kò jìn sí ìlú rárá. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, mo sì ní láti di ògiri mú nítorí pé ilẹ̀ ń mì lójú mi. Mo rántí Nọ́ọ̀sì_Orí_Omi, mo sì mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ sí mi bí ó bá jẹ́ pé ojú òkúta odò ni mo wà ní ọjọ́ yẹn.

A lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó rọ̀. Wákàtí 13 ni ìrìn náà gbà wá padà sí Fatu Hiva, ẹ́ńjìnnì ń ran ìgbòkun lọ́wọ́, omi sì ń fọ́n sí wa lójú ní gbogbo ọ̀nà. Ó le, ṣùgbọ́n kò pa wá. A ju ìdákọ̀ró sí mítà 14, a tú mítà 70 ẹ̀wọ̀n, ọkọ mi wọmi lọ wò ó. Ní òru ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ àfonífojì náà dé bí Ọmọ_Ìdákọ̀ró ti sọ, ọkọ̀ wa fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ọkọ̀ mìíràn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì wọ́ kúrò níbi tí ó wà. Tiwa dúró.

Ọkọ mi ní kí òun ṣọ́ ọkọ̀, èmi àti àbúrò rẹ̀ sì kọ́kọ́ lọ. A ti rìn tó ìṣẹ́jú 50 nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé odò tí ó mọ́ gaara ní ìdajì wákàtí ṣáájú ti di àwọ̀ ẹrẹ̀. Òjò kankan kò rọ̀ lórí wa. Èmi fẹ́ dúró wò ó ná, kí n má parọ́, nítorí pé a ti ń gbọ́ ìró omi àpáta náà níwájú. Bí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọdẹ kan pẹ̀lú ajá mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó kí wa, ó na ọwọ́ sí odò, ó sì mi orí. A tẹ̀lé e padà. Nígbà tí a dé ibi tí a ti sọdá, omi ti bo àwọn òkúta náà, ó ti dé orúnkún ọdẹ náà, a sì ń gbọ́ bí òkúta ńlá ṣe ń yí gbirigbiri nísàlẹ̀ omi. Ó di ọwọ́ wa mú lọ́kọ̀ọ̀kan kọjá. Bí a bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dúró wò ó bí mo ti fẹ́, òdìkejì odò ni à bá sùn.

Ọjọ́ kẹta ni èmi àti ọkọ mi tó padà lọ, tí àbúrò rẹ̀ sì ṣọ́ ọkọ̀. Òun náà lọ ní ọjọ́ kẹrin pẹ̀lú àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ kejì. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe ibẹ̀. Omi náà kò já wálẹ̀ gbìì bí mo ti rò. Tínrín ni ó ń bọ̀, ó ń fara ra àpáta dúdú tí ewé tútù bò, afẹ́fẹ́ sì ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ bí èéfín kí ó tó kan adágún. Ọkọ mi wọ inú omi. Èmi kò wọ̀ ọ́, nítorí pé gbòǹgbò ti bó mi ní ojúgun. Mo jókòó sórí òkúta, mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 25 tí a fi ń fi ife wọn omi mímu fún ara wa, mo ń wo omi tútù tí kò lópin tí ó ń ṣàn lọ.

Nígbà tí a ń bọ̀, mo ka pèpéle òkúta tí mo lè rí láti ojú ọ̀nà. Mo ka 19, ó sì dá mi lójú pé mo fo púpọ̀. A kò sọ̀rọ̀ títí a fi jáde nínú igbó.

Ní abúlé, ìyá àgbà kan pè wá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì fi bí wọ́n ti ń ṣe tapa hàn wá, aṣọ tí wọ́n ń fi èèpo inú igi ṣe. Ó fi igi lu èèpo bẹrẹfúùtù tí ó ti rẹ títí ó fi fẹ̀ tí ó sì fẹ́lẹ́. Ó mú òmíràn wá tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, láti ara igi ńlá kan tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀dán. Ó jẹ́ kí n gba igi náà lù ú díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí bí mo ti ń lù ú. A ra ọ̀kan ní iye tí ó pè. Okùn tí a mú wá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó gbà á, ọjọ́ náà gan-an ni ó sì fi so ọkọ̀ rẹ̀.

Ìyá_Ọmọ_Mẹ́ta, ọmọ ọdún mẹ́fà lè dé ibi odò kejì láìsí ìṣòro, òjìji sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí yóò dúró tì í. Kọjá ibẹ̀, ẹ ó pọ̀n ọ́n.

A ti fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà wa. Ní ìdájí ọ̀la ni a ó fa ìdákọ̀ró sókè lọ sí Tahuata.